Àmì Kékeré Tó Gbé "Àwọn" Mì

Ọdún tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìyànà-Ìbà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oníṣọ́ọ̀bù. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ báyìí, torí mo ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibi tí ẹ fi àmì kékeré òkè yẹn, apostrophe, sí sì bà mí lẹ́rù.

Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wó wa kí títì lè fẹ̀, àwa tí à ń tẹ̀wé, tí à ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí à ń tún fóònù ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, gbogbo wa jókòó sílẹ̀ níwájú katapílà. Alága wa, Alhaji Rájí, ará Ìsẹ́yìn, tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sẹ́ni tó máa dìde."

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá kan láti kánsù ní ká kọ ohun tí a fẹ́, òun á buwọ́ lù ú. Mo sáré tẹ̀ ẹ́: wọn ò ní wó "the shop owner's premises" títí wọn yóò fi pèsè àyè míì. Mo kà á sókè, ó sì dùn létí. Alhaji ní kí èmi tí mo mọ̀wé buwọ́ lù ú fún ẹgbẹ́. A pàtẹ́wọ́, a sì lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, katapílà padà wá. Ó wó ti Alhaji, ó wó gbogbo ìlà náà, tèmi nìkan ló fò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àdéhùn wa ńkọ́?" mo bi ọ̀gá náà.

"Madam, a ò yẹ àdéhùn. Ẹ wò ó, apostrophe yín wà ṣáájú s. Owner kan ṣoṣo nìyẹn. Tó bá jẹ́ gbogbo yín ni, ẹ̀yìn s ló yẹ kó wà. Ẹ̀yin lẹ sáìnì, so shop yín la fi sílẹ̀."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé sọ ló kà. Bí àwọn àgbà bá kọ "n'ílé", àmì yẹn ń fi hàn pé a ti gbé fáwẹ̀lì kan mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "don't" àwọn Òyìnbó. Ìyẹn ò dà mí láàmú rí. Ti ohun-ìní ló ṣòro, torí àwa ò nílò àmì kankan: ṣọ́ọ̀bù Rájí, ó tán. Bí wọ́n bá pọ̀, a ó fi "àwọn" kún un. "Àwọn" ni mo gbé mì lọ́jọ́ yẹn.

Alhaji wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Akọ̀wé, ṣé ìwọ nìkan lo ni ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Àṣìṣe ni sà."

"Mo gbọ́."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A tún ìwé náà kọ, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan nínú wa sì rí àyè lọ́nà Ìjànìkin. Alhaji ò dúró dè é, ó padà sí Ìsẹ́yìn.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti dárí àmì yẹn jì mí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù wọn, nígbà tí àwọn yòókù ń ṣa páànù nínú àwókù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní aago mẹ́jọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Oníbàárà àkọ́kọ́ mi jẹ́ òṣìṣẹ́ kánsù, mo sì bá a ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò tíì tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.