Àga Nọ́ọ̀sì

"Ẹ lanu, ẹ gbé ahọ́n sókè." Ohùn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa ní Yábàá nìyẹn, kó lè rí i pé mo gbé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mi mì. Bí mo bá fẹ́ dìde, á ní, "Ẹ rọra, kí òòyì má kọ́ yín."

Ó pẹ́ kí oògùn náà tó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó padà sí Mùṣin, kò wá mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Bùọ̀dá, agbára ti dé, ìbànújẹ́ ò tíì lọ. Àsìkò yìí ni mo máa ń bẹ̀rù, torí ẹni tó ń ronú ikú ti wá lágbára láti para rẹ̀."

Gbogbo ilé gbà pé ara mi ti yá. Òun nìkan ló mọ ohun tí mò ń rò.