Ẹni Tí Wọ́n Gbá Ni Wọ́n Yọ

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a máa ń pé jọ sí iwájú ilé aládùúgbò mi ní Lokongoma, ní Lókòjà níbí, láti wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi a gbé àga mi lọ, torí ẹ̀yìn mi kò gba bẹ́ǹṣì mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rẹfirí yọ káàdì pupa sí ẹnì kan, gbogbo èèyàn sì fò sókè. Aládùúgbò mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lóye dáadáa, pariwo pé, "Ó parí! Mẹ́wàá ni wọ́n, mọ́kànlá ni wá!"

Mo ní kí ó jẹ́ kí fèrè ìparí dún ná.

"Bàbá Tíṣà, ìṣirò ni o," ló wí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní ìṣirò ni lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kà. Ohun tí mo rántí gùn, ó sì ń rí mi lára títí di òní.

Àwọn ọdún tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ìwé ìjọ kan ní Lókòjà, èmi sì ni kápútẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn tíṣà. Abẹ́ Òkè Pàtí ni pápá wa wà. Ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà odò, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó bá kọjú sí òkè ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí: kò sí káàdì nígbà yẹn. Bí rẹfirí bá fẹ́ lé ẹnì kan, yóò fọn fèrè, yóò na ìka sí ìlà, ó tán. Kò sì sí pé ẹnì kan ń wọlé rọ́pò ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jáde ti jáde, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lé e, ìbáà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin Owórò kan wà tó ń kọ́ kíláàsì kejì. Abúlé rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè, ìrìn ọjọ́ kan sí ìlú. Kò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Owó oṣù rẹ̀ kéré, wọ́n sì lè dá a dúró nígbàkígbà. Àmọ́ bí ó bá gba bọ́ọ̀lù ní àárín pápá, ọkàn gbogbo wa a balẹ̀. Òun ni òpó tí ilé wa dúró lé.

Ní ọdún náà, àwọn ìgbìmọ̀ kan fẹ́ wá yan àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹkùn wa ní Kàdúná. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá lọ sí Kàdúná, tó sì ṣe dáadáa, kì í wá àyè ilé ẹ̀kọ́ tì. Ọ̀gá wa, ìyẹn ọ̀gá àgbà ilé ìwé, fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà lójú gbogbo wa pé, "Ṣe bí o ti ń ṣe ní Sátidé yìí, o ti di tíṣà pátápátá nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó ń fọ bàtà rẹ̀ ní àràárọ̀ bí ẹni tó ń fọ abọ́ ìjẹun.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò la bá gbá a. Àwọn géńdé ni wọ́n, Núpé, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Yorùbá, apá wọn dà bí ìtì igi. Èrò pọ̀. Obìnrin Núpé kan tó ń ta ẹja díndín dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, ó ń fi èdè mẹ́ta bú wa.

"Màálàm, a hankali! Rọra sáré o, ṣọ́ọ̀kì á já bọ́ lápò ẹ!"

Ẹnì kan láàárín èrò dá a lóhùn pé, "Jẹ́ kí wọ́n sáré, Ìyá Ẹlẹ́ja. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lé wa sáré yí ilé ìwé ká!"

Mọ́tò àwọn ìgbìmọ̀ kò tíì dé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ba ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ́kàn jẹ́ díẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn méjì, tó sì gbá a wọ àwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Gọ́ọ̀lù! Àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó igi máńgòrò tí wọ́n gùn.

Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, tí inú ti ń bí látàárọ̀, fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ẹsẹ̀ gbá ọ̀dọ́mọkùnrin wa níkùn. Bọ́ọ̀lù kò sí nítòsí. Gbogbo pápá ló rí i. Rẹfirí wa, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fọn fèrè, ó na ìka sí ìlà.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀ ni, n kò ní ohun tí mo ń kọ yìí.

Àmọ́ ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá ti ń jẹ ẹnì kan níyà, àgbà gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Àṣà rere ni, n kò bú u. Nínú ilé, ẹ̀bẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìbínú bàbá pa ọmọ. Olórí àwọn káfíńtà ọkọ̀, àgbàlagbà kan tó ní irùngbọ̀n funfun, wọ pápá lọ, ó bọ́ fìlà, àwọn àgbà bíi mélòó kan sì tẹ̀ lé e. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún rẹfirí lórí koríko. Rẹfirí sá sẹ́yìn.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ má fi mí gégùn-ún. Ẹni tí mo lé ti lọ."

"Ọmọ ni, ọmọ ló ṣìwà hù."

"Ọmọ tó nírun láyà báyẹn?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Bí kò ti rí ẹ̀bẹ̀ gbà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa ló gbà lọ. Nígbà ìsinmi ni. Mo wà níbẹ̀, mo ń mu omi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ kàwé. Ṣé ó yẹ kí ọmọlúàbí fi mọ́kànlá lu mẹ́wàá? Àlejò yín la jẹ́ ní pápá yìí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ dọ́gba. Ẹ yọ ẹnì kan nínú tiyín."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú ọ̀gá wa, ẹ̀rín sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyìn ni ọ̀gá wa. Kí wọ́n pè é ní ọmọlúàbí lójú àwùjọ dùn mọ́ ọn ju ẹran àgbò lọ. Ó gbé àyà sókè. Ó ní, "Ẹ ti bẹ̀bẹ̀, bàbá. A ti gbọ́."

Ta ni yóò wá yọ? Ẹ bá mi wò ó. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣọ́ gọ́ọ̀lù. Bàbá àwọn méjì mìíràn wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, wọ́n sì jókòó sórí àga níbẹ̀. Gbogbo wa pátá la ní ẹni tó lè bi í pé kí ló dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin Owórò yìí nìkan ni kò ní ẹnikẹ́ni ní pápá. Ó wà níbẹ̀ tó ń fi omi tutù pa ikùn rẹ̀.

Ọ̀gá wa nawọ́ sí i. "Ìwọ jókòó. O ti fara pa, o nílò ìsinmi."

"Ara mi ti yá, sà." Ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè rí i. "Ẹ wò ó, sà."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, òun ni wọ́n gbá o! Ṣé ẹni tí wọ́n gbá náà ni a ó tún yọ?"

"Tíṣà, kápútẹ́ẹ̀nì ni ọ́, ìwọ kọ́ lo ni ilé ìwé."

Mo lọ bá rẹfirí. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. "N kò lé ẹnikẹ́ni nínú tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín gé ẹsẹ̀ ara yín, òfin kò dí yín lọ́wọ́."

Ni àwọn àgbà bá pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, nítòsí ẹni tó gbá a níkùn gan-an. Àwọn méjèèjì gbé orúnkún sókè bákan náà.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò: mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Ṣé a dọ́gba? Rárá o. Àwọn tiwọn ń sáré bí ilé tí olè jà, tí gbogbo ará ilé jáde láti lé olè náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti ẹni tó jáde. Ìyẹn ni lílé ń ṣe fún ẹgbẹ́ mìíràn, ó ń so wọ́n pọ̀. Àwa ńkọ́? Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹnì kan lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ a lọ sí ìlà. Àárín pápá wa ṣófo bí ẹnu arúgbó. Wọ́n gbá ọ̀kan wọlé. Wọ́n gbá èkejì. Ìyá Ẹlẹ́ja alára padà sídìí ẹja rẹ̀. Kò sí ohun tó lè fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Láàárín gọ́ọ̀lù méjèèjì ni mọ́tò ìgbìmọ̀ dé. Wọ́n rí àwọn méjì tó wọ jẹ́sì tí wọ́n jókòó síta, wọ́n sì bi ẹni tó wà nítòsí. Kí ni onítọ̀hún ìbá sọ? Ó ní rẹfirí lé wọn ni.

Nígbà tí fèrè ìparí dún, tí a ti pàdánù, mo sáré lọ bá olórí ìgbìmọ̀ náà. Mo sọ fún un pé ẹni tó dára jù nínú wa ló jókòó síta yẹn, pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

"Tíṣà, a kì í mú oníjàgídíjàgan."

"Wọn kò lé e, sà. Àwa la yọ ọ́ nígbà tí a ń borí, kí a lè dọ́gba pẹ̀lú wọn."

Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jùmọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ti rí ẹgbẹ́ tó ń borí, tó wá yọ òpó tirẹ̀ rí? Ó dáa, ẹ pe ọ̀gá yín wá."

Ọ̀gá wa dé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ó sọ. Mo rí i bó ti ń wo ẹ̀rín tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ pé ó ti rí i pé ohun tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pè ní ìwà ọmọlúàbí yóò di ẹ̀fẹ̀ ní Kàdúná.

"Ara ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ le," ló wí.

"Ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè rin ìrìn àjò," ni olórí ìgbìmọ̀ wí, wọ́n sì wọ mọ́tò.

Mo dúró, mo ń wo eruku mọ́tò wọn.

Àfi bí mo ti yíjú tí mo rí àgbẹ̀ kan tó dúró lórí ìlà, agbọ̀n iṣu wà lórí rẹ̀, eruku dé e ní orúnkún. Bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni. Ó ti rìn láti abúlé wá wo ọmọ rẹ̀.

"Okun o," mo kí i.

Ó dáhùn, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Kí lo ṣe fún wọn?"

"N kò ṣe nǹkan kan, Baba."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Mo gbà á lẹ́nu ọmọ, mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Bàbá náà gbọ́ mi dé òpin, ó mi orí. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ó gbé agbọ̀n náà lọ síwájú ọ̀gá wa, ó kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀, ó dúpẹ́ pé ó ń bá òun tọ́jú ọmọ òun. Ọ̀gá wa sì gbà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ yín gbọ́ràn, bàbá."

Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun kò ní lé òun sí ẹ̀bá ìlà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ó dì mọ́ mi, ó sì lọ. Wọ́n pín kíláàsì rẹ̀ mọ́ tèmi.

Ọ̀gá wa pín iṣu náà fún àwa tíṣà. Èyí tó kàn mí tóbi, ó gún régé. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè sọ òógùn àgbẹ̀ nù. Mo gbé e tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí hu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà, ọ̀gá wa bi mí bóyá iṣu náà ṣe dáadáa nínú odó.

Mo ní, "N kò tíì mọ̀, sà. Ẹni tó ni ín ni mo ń retí kó sọ pé kí n jẹ ẹ́."

Ó gbé ìwé àdúrà rẹ̀, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí nípa iṣu mọ́, kò sì pè mí ní kápútẹ́ẹ̀nì mọ́.