Ìràwọ̀ Méjì Tí Kì í Dé Géètì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kàsímù fi ṣe bíríkìlà kí ẹ̀yìn tó dá a dúró. Ìgbà náà ló wá bá mi ṣọ́ géètì ẹ̀sítéètì kan ní Awoyaya. Kò kàwé púpọ̀. Ohun tó bá rí ló ń ṣe, kì í fi kún un, kì í yọ kúrò níbẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun sí géètì. Bí àlejò bá ń bọ̀, Mádàmù Ràhmát, akọ̀wé ẹ̀sítéètì, á fi kóòdù ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wasaapu tí gbogbo ilé wà nínú rẹ̀. Á fi àmì @ pe Kàsímù, fóònù rẹ̀ á dún, á tẹ kóòdù náà sára ẹ̀rọ. Bó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, géètì á tì pa fún ogún ìṣẹ́jú.

Ó tì pa lọ́jọ́ Ajé. Ó tún tì pa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mádàmù kọ ọ́ sí gúrúùpù: "@Kàsímù, Bàbá, ṣé ẹ ò mọ nọ́ńbà ni? Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ máa lọ sílé." Ilé mẹ́rìnlélógójì ló rí i.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá Tolúwani fi ọkọ̀ rẹ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì, ó dé lọ́sàn-án. Kóòdù wọlé: 6204, ó dúdú kirikiri. Kàsímù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ kọ̀.

"Tún un tẹ̀," mo wí.

"Kí n lè lọ sílé?" Ó lọ kan ilẹ̀kùn Mádàmù, ó mú un wá sí géètì. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú mi."

Mádàmù tẹ àmì ìràwọ̀, *, ó tẹ 6204, ó tún tẹ ìràwọ̀. Ẹ̀rọ gbà á.

"Ìràwọ̀ wo nìyẹn?"

"Kóòdù àlejò kì í ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣebí ojoojúmọ́ ni mò ń kọ ọ́."

"Ẹ fi ránṣẹ́."

Fóònù Kàsímù dún. 6204, dúdú kirikiri, kò sí ìràwọ̀ kankan. Mádàmù wo tirẹ̀. Kò sí níbẹ̀ náà.

Tolúwani, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti jáde wá pàdé ìyá rẹ̀. "Wasaapu ló ń yọ ọ́, mà. Ó rò pé ẹ fẹ́ kí nọ́ńbà náà dúdú ni. Ẹ fi àmì kékeré yìí síwájú àti sẹ́yìn, kò ní fọwọ́ kan ìràwọ̀ yín mọ́." Ó fi ` hàn án.

Mádàmù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Ẹjọ́ tèmi ńkọ́?" Kàsímù bi í.

"Bàbá, ẹ ṣáà ṣí géètì."

"Iwájú ilé mẹ́rìnlélógójì lẹ ti ní mi ò mọ nọ́ńbà. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti tún un sọ."

Mádàmù pòṣé, ó tún tẹ̀ títí. Fóònù dún: "@Kàsímù, *6204*. Bàbá ò ṣì í tẹ̀ rárá. Àwa la ò mọ̀. Wọn ò ní lọ sílé kankan."

Kàsímù fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ìyá Tolúwani fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kàsímù kà á tán kó tó ṣí géètì.