Ọfà Márùn-ún Tí Wọn Ò Kà

Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, síbẹ̀ mo lè jókòó ti tíì àárọ̀ kí n máa dá sọ̀rọ̀ títí tíì náà á fi tutù. Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á tán lọ́kàn mi. Ó dáa, mo ń kọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, àmọ́ Òṣogbo ni mò ń gbé, Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bàbá mi ń gbé ní abúlé wa, lẹ́yìn Òṣú. Ọdẹ ni wọ́n, alàgbà ìjọ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ.

Ní abúlé wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé tí koríko sì gbẹ, gbogbo ọdẹ á para pọ̀ lọ pa ọ̀yà lọ́sàn-án gangan. Àwọn kan á máa pariwo bọ̀ láti inú koríko, wọ́n á máa fi igi na ilẹ̀. Àwọn tafàtafà á ti lúgọ síbùba, níbi tí ẹran máa gbà jáde. Kò sí ìbọn níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọta ti ba ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Ọrun àti ọfà nìkan ni. Torí pé ènìyàn wà nínú koríko níwájú rẹ, ẹni tó bá fẹ́ dúró níbùba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lójú gbogbo ọdẹ, kó ta ọfà márùn-ún sí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Bí mẹ́rin ò bá wọlé, kó lọ mú igi, kó lọ bá wọn pariwo. Òfin tó dáa ni. N ò bá òfin náà jà rárá.

Ibùba kọ̀ọ̀kan ló ní ìdílé tó ni ín. Tiwa wà lẹ́bàá odò. Ibẹ̀ ni bàbá Bàbá mi dúró sí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún Bàbá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú, ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, ẹran mẹ́rin ló gba iwájú wọn kọjá. Wọ́n pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. "Ùwọ lo máa dúró níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Bí o ò bá yege, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún, kò sì ní padà sílé wa mọ́." Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Bí mo ṣe di tafàtafà tipátipá nìyẹn, lẹ́ni tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, gbogbo Sátidé ni mo ń wa mọ́tò láti Òṣogbo gba Iléṣà lọ sábúlé. Oṣù méjì gbáko. Bàbá á gbé àga sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀. "Gbé ìgúnpá sókè! Èjìká rẹ ti fẹ́ wọ etí rẹ, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí àtàǹpàkò kan abẹ́ àgbọ̀n. Mí síta díẹ̀, dúró, kí o tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Má já a gbà, jẹ́ kó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Ní Òṣogbo náà, mo rọ àkísà sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e ti fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni mo ti ń ta á láàárọ̀ kí n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì Àbẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò mi kan yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó bi mí ṣé mo ti wọ ẹgbẹ́ fijilanté ni.

Ọ̀rọ̀ tó ń dun mí rèé: mi ò ta á ní ìtakúta. Ọfà márààrún á lọ síbì kan náà, wọ́n á sùn ti ara wọn, èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa gbogbo wọn yọ. Àmọ́ inú erùpẹ̀ ni, lápá òsì ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìgbà. Bí mo bá dúró bí ọ̀pá, òsì. Bí mo bá mí, òsì. Bàbá á mi orí, wọ́n á ní, "Ìgúnpá!" Mo ti ń gbọ́ ìgúnpá lójú oorun.

Obìnrin kan wà lọ́fíìsì wa, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, ìdílé aláró. Nígbà tó wà ní yunifásítì, ó wà lára àwọn tó ń ta ọfà fún ilé-ìwé wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo rò pé orí mi fẹ́ fọ́, mo fi fídíò bí mo ṣe ń ta á hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, wàláì, ìdúró yín dáa. Ìgúnpá yín ò ní wàhálà kankan. Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ fi bo aago ara ògiri yẹn. Ojú méjèèjì ni kẹ́ ẹ là o. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá di ojú òsì."

Aago náà yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi, bí ẹni pé ẹnì kan tì í.

"Ẹ la òsì, ẹ di ọ̀tún."

Aago náà padà sẹ́yìn àtàǹpàkò, kò sì mì.

Ó pàtẹ́wọ́. "Àṣírí tú! Ojú òsì lẹ fi ń wo ibi tí ọfà ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún lẹ sì fi ń fa ọsán. Wọn ò lè bára wọn mu láé. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi fà á. Àbí ọlọ́wọ́ òsì ni yín ní kékeré?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ronú.

"Ẹ má bínú, jàre. Mo kàn ń bèèrè ni."

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí mo rántí ọ̀já. Ọ̀já ìyá mi, èyí tó fi máa ń pọn àbúrò mi. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, wọ́n á fi so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí títí n ó fi jẹun tán. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo rò pé ọgbẹ́ kan ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ọgbẹ́ kí? Kò sí àpá kankan lọ́wọ́ yìí! Mo sì tún rántí tíṣà tó máa ń fi rúlà na ìka òsì mi bí mo bá ti fi gbá pẹ́ńsù mú. Mo sọ̀kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ, mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọrun sí ọwọ́ ọ̀tún, mo fi òsì fa ọsán. Ọwọ́ náà kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọfà kìíní wọlé. Èkejì wọlé. Nígbà tí mo ta ìkarùn-ún tán, mẹ́rin ti wà láàárín àpò. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo sunkún, kì í sì í ṣe ti ayọ̀. Inú ló ń bí mi. Ẹ wo ìwé kíkọ mi tó burú látìgbà yìí wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá mú àdá lóko, tí wọ́n ń pè mí ní ọwọ́-rọ. Ta ló ní kí wọ́n gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi?

Mo bú ìyá mi. Ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, mo dúró lẹ́yìnkùlé mi, mo bú u sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ta ọfà tí mo fi ń bú u. Mo sọ fún Bàbá pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wá.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò, gbogbo ọdẹ pé sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá mi láàárín wọn, fìlà wọn wà lórí orúnkún. Ó kàn mí. Mo gbé ọrun sí ọ̀tún. Mo gbọ́ tí ariwo wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ta á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì dún pọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Olórí ọdẹ lọ wò ó, ó padà dé. "Márààrún ló wọlé. Àmọ́, ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ wo lèyí?"

"Ọwọ́ mi ni, Olórí."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé òsì ò gbọdọ̀ dúró síwájú àwọn, pé kò dáa lójú. Olórí ọdẹ gbọ́wọ́ sókè. Olóòótọ́ ènìyàn ni, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Èmi ò rántí òfin tó dárúkọ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ ló dàgbà jù nínú wa. Kí wọ́n sọ ọ́. Bàbá, ṣé ká kà á?"

Mo yíjú sí Bàbá mi. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, òmùgọ̀ ni mí.

Bàbá ní, "Ẹ má kà á."

Wọ́n ní kí n fi ọ̀tún ta á. Mo fi ọ̀tún ta á. Márààrún wọ erùpẹ̀ lápá òsì, wọ́n sùn ti ara wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé ibùba ẹ̀bá odò fún ọkùnrin kan tó fi mẹ́rin wọlé. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá mi, ó dúpẹ́. Bàbá súre fún un.

Nígbà tí mò ń gbé wọn lọ sílé nínú mọ́tò, mi ò lè dákẹ́.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín? Márààrún ló wọlé!"

"Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń dún."

"Ẹ wá ní kí wọ́n má kà á?"

"Lójú gbogbo ayé, o fi òsì..." Wọn ò parí rẹ̀. "Wọ́n á ní n ò tọ́ ọmọ."

"Kì í ṣe ẹjọ́ mi! Ìyá mi ló fà á. Òun ló ń fi ọ̀já so ọwọ́ mi mọ́ ìdí!"

Wọ́n yíjú sí mi. "Ta ló sọ fún ọ pé ìyá rẹ ni? Èmi ni mo ń so ó. Ìyá rẹ ló máa ń tú u. Bí mo bá ti yísẹ̀ padà báyìí, á tú u. Àìmọye ìjà la ti bára wa jà lórí ẹ̀."

Mo tẹ búréèkì. Mọ́tò kú sáàárín ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti bú obìnrin tó ń tú mi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Háà! Mo fi àtẹ́lẹwọ́ na sítíárìn.

"Ẹ mọ̀ nígbà náà. Oṣù méjì lẹ fi jókòó sórí àga, tẹ́ ẹ ń pariwo ìgúnpá, ìgúnpá, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgúnpá!"

"Mo rò pé ọ̀tún á gbà á."

"Ẹ̀yin lẹ gbé ibùba bàbá yín fún ẹlòmíì. Kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rin èyí tó kù délé. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Mi ò lọ bá wọn.

Wọ́n ṣọdẹ náà láìsí èmi. N kò tíì padà sábúlé. Mo lọ sí ibojì ìyá mi ní Iléṣà, mo bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ mi ò fi ọfà sílẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń ta á lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ kò sí ibùba kankan tí mò ń múra fún.

Láàárọ̀ àná, Bàbá pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé o ṣì ń ta á?"

"Mò ń ta á."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì, Bàbá."

Mo gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ṣé ó ń wọlé?"

Mo pa fóònù náà. Márààrún ló wọlé láàárọ̀ yẹn, mi ò sì sọ fún wọn.