Olóhùn-iyọ̀ àti Etí Ìdílé Rẹ̀

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀. Ohùn obìnrin náà kò ní iyọ̀ kankan nínú. Bó bá kí èèyàn pé "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò á sáré jáde wá làjà. Ọkọ rẹ̀, kó tó kú, a máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ jókòó, ẹ má fòyà, ìfẹ́ ló ń bá mi sọ yẹn."

Wọn ò kúkú bí i bẹ́ẹ̀ o. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró láàárín ẹ̀rọ ìhunṣọ mẹ́rin tó ń pariwo láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ yẹn, kéèyàn pariwo títí ọ̀fun á fi bẹ́, ẹni tó dúró tì í ò ní gbọ́. Ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ wá fi ń sọ̀rọ̀. Ìka méjì tí a fà ya: òwú ti já. Àtàǹpàkò sẹ́nu: mò ń lọ mumi. Kéèyàn máa tún táì tí kò sí lọ́rùn rẹ̀ ṣe: mánéjà ń bọ̀. Ìka kékeré ọwọ́ méjèèjì tí a fi kọ́ ara wọn: ẹbí mi ni. Ọwọ́ yìí ni wọ́n fi ń ṣòfófó, òun ni wọ́n fi ń ṣàwàdà, òun náà ni wọ́n fi ń bú fóòmàn. Fóòmàn sì gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí ìdí ẹ̀rọ lòun náà ti gòkè.

Nígbà tí etí òsì Olóhùn-iyọ̀ di pátápátá, tí ọ̀tún náà ń tẹ̀ lé e, ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ wọn ló ba etí òun jẹ́, kí wọ́n sì ra ohun tí àwọn tó kù á máa fi dí etí, torí ọmọ àbúrò òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́dún yìí, òun ò fẹ́ kí etí tiẹ̀ náà lọ. Èsì dé: àwọn ti wádìí ọ̀rọ̀ náà, àrùn ìdílé ni. Fóòmàn ló buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ìdílé kẹ̀! Ìyá Olóhùn-iyọ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, inú yàrá ni yóò ti dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní aláriwo, ṣé èmi ni n ó wá dákẹ́?"

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, ọmọbìnrin kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí kíláàsì òfìfo lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n ń fi ìgbésí ayé ara wọn ṣeré. Tíṣà gbọ́ ìtàn náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é."

Àsìkò yẹn ni ilé-iṣẹ́ ń ṣe àjọyọ̀ ogún ọdún. Mánéjà ní kí àwọn eléré wá dá àwọn èèyàn lára yá, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé eré wá kí òun rí i. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé lọ. Báírò pupa ni wọ́n gbé bọ̀! Ó fagi lé ẹ̀rọ, ó fagi lé etí, ó fagi lé lẹ́tà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún Olóhùn-iyọ̀ láti sọ ò ju "Ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, kó má wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," Tíṣà ní. "Iṣẹ́ yín ni wọ́n fẹ́ gbà yìí."

"Kí la fẹ́ fi sílẹ̀?" Olóhùn-iyọ̀ ké, ẹyẹ fò lórí òrùlé. "Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó dáa. N ò ní sọ̀rọ̀!"

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mánéjà jókòó níwájú, fóòmàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ jáde. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Gíláàsì wíńdò gbọ̀n, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó pa ẹnu dé, ó gbé ọwọ́ sókè.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ká òwú, ó kì í bọ etí, bí gbogbo wọn ti ń ṣe láràárọ̀. Ó fọwọ́ ṣe ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún táì ṣe, ó ṣí lẹ́tà, ó kà á: ó fọwọ́ kan etí, ó fi ìka kékeré méjì kọ́ra. Ẹ̀rín dá. Ó wá nawọ́ sí àwùjọ, ó fọwọ́ bo etí, ó tún fi ìka kọ́ra: ta ló tún bá mi tan níbí?

Ẹnikẹ́ni ò mira. Ó tún un ṣe. Bàbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídi aṣọ sínú àpò dìde, ó fọwọ́ bo etí. Obìnrin méjì dìde. Ọmọ àbúrò rẹ̀ dìde, òun tí kò tíì pé ọdún kan nídìí ẹ̀rọ, òun náà fọwọ́ bo etí! Olóhùn-iyọ̀ rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo àwùjọ fi dìde dúró láti ẹ̀yìn dé iwájú, àfi mánéjà àti fóòmàn.

Mánéjà wò yíká. Ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó lè tìtorí ẹ̀ lé wọn. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ fóòmàn. "Kí ló ń wí? Kí ni gbogbo èyí?"

Ọwọ́ Olóhùn-iyọ̀ ni fóòmàn ń wò. Mánéjà tún bi í, ó fa apá aṣọ rẹ̀. Fóòmàn bá dìde dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn etí ọ̀tún bí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, ó sì sọ ọ́ tó fi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, sà. Etí ìdílé wa ni."