Lẹ́tà Bọ́ìsì Já Sọ́dọ̀ Ṣọ́jà

Ẹ gbà mí o, èmi baba kọ̀ǹpútà ìlú Mahintedo!

Méjì nínú bọ́ìsì tó ń bá ṣọ́jà jà nínú kíríìkì, ìyẹn àwọn odò wa, gbé ìbọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, pé kí n príǹtì lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí ṣọ́jà.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, príńtà ò mira.

"Baba kọ̀ǹpútà, ìwé wa dà?"

"Ọ̀gá mi, ẹ̀rọ ṣì ń gbóná ni."

Irọ́ ni! Ìgbà náà ni mo rántí. Àná ni mo bá àwọn ṣọ́jà tó pàgọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù so príńtà wọn mọ́ Wi-Fi mi, Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà mi sì ti fi tiwọn ṣe ààyò dípò tèmi. Ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ẹ̀ ń jáde sí!

Mo dá a padà sí príńtà tèmi, bọ́ìsì gba lẹ́tà wọn lọ.

Sájẹ́ǹtì àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí: "Má kúrò níbẹ̀, mò ń bọ̀."

Ọkọ̀ mi wà létí omi. Ṣé kí n sá ni, àbí kí n dúró ṣàlàyé Linux fún ṣọ́jà?