Ògiri tí Òkú Temoteo Gbà Jáde

Alágbàfọ̀ ni Iluminada. Ọdún mẹ́wàá lòun àti Temoteo ọkọ rẹ̀ fi gbé ẹ̀yìnkùlé Donya Kresensia, olówó tó nilé, nílùú Molo. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, owó oṣù mẹ́rin lonílé gbà ní ìdógò, èyí tí yóò dá padà bí wọ́n bá ń kó lọ. Oṣù méjì ni òfin sọ, àmọ́ ta ní í bi ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání léèrè ọ̀rọ̀?

Nígbà tí Temoteo kú, ẹnu ọ̀nà há. Pósí kò sì gbọdọ̀ kan àtẹ́rígbà, kí ikú má baà padà wá mú ẹlòmíràn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wó ògiri oparun, wọ́n gbé òkú gba ibẹ̀. Opó fi ọ̀rá bo ihò náà. Kò wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kóun sọ fún onílé.

Ogójì ọjọ́ òkú ò tíì pé tí Donya fi ní kó kó jáde, ọmọ òun fẹ́ wọbẹ̀. Iluminada rí yàrá kan lẹ́bàá odò, ìdógò yẹn nìkan ló sì gbójú lé láti fi gbà á. Donya ní òun ò ní dá nǹkan kan padà. Ni wọ́n bá dé iwájú olórí àdúgbò, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kapitan.

“Donya, ẹ gbà ju bófin ṣe wí. Ẹ dá oṣù méjì padà.”

“Mo gbà. Méjì tó kù ńkọ́? Ẹ wá wo ògiri mi, ewúrẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé wá kí mi.”

“Ìyá, ṣé ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó wó o?”

“Wọ́n ń tọrọ àyè fún òkú ni, Kapitan? Bàbá yín náà, ojú fèrèsé ló gbà jáde.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Olórí ò rẹ́rìn-ín.

“Ilé bàbá mi nìyẹn, Ìyá. Èyí tẹ́ ẹ wó, ilé onílé ni.”

Bí ìdógò oṣù méjì ṣe bá ògiri lọ nìyẹn.

Ọmọlúàbí ni onílé ẹ̀bá odò. “Àsansílẹ̀ oṣù kan, ìdógò oṣù méjì, Ìyá. Mi ò kọjá òfin.” Lóòótọ́, kò kọjá rẹ̀. Ti oṣù méjì ló wà lọ́wọ́ Iluminada. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ti gba yàrá.

Ó gbé ìrẹsì àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣáájú ẹrù wọ ilé tuntun, ó forí lé ilé Pura, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Pura dábùú ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Ìyàwó, gbé ìyẹn síta. Ẹni tó bá fi iyọ̀ ṣáájú, ilé ara rẹ̀ ló dé. Ìwọ, o kàn wá sùn ni.”

Iluminada gbé e sábẹ́ òrùlé níta, ó wọlé, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.